"Kò Sí" Tí Alàgbà Philemon Sọ fún Dókítà

"Bàbá, yàtọ̀ sí oògùn tí mo kọ fún yín, ǹjẹ́ oògùn mìíràn wà tí ẹ ń lò báyìí?"

Dókítà Aníwúrà ló béèrè bẹ́ẹ̀, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alàgbà Philemon Àlàmú na ẹ̀yìn lórí àga, ó fi ọwọ́ tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní, "Kò sí."

Inú bí Jùwọ́nlọ́lá tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ fi gbóná. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun sì ni ọmọ tó ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ láti Àkótógbó wá sí ọsibítù yìí ní Òkìtìpupa, nítorí pé ojú bàbá náà kò ríran kàwé dáadáa mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló bu omi fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó fi gbé oògùn ikọ́ mì. Horo ńlá aláwọ̀ ìyeyè ni. Ó ṣì rí bí bàbá rẹ̀ ṣe na ọ̀fun kí ó tó lè lọ.

"Ikọ́ tí ẹ ń hú yìí ńkọ́, sà?"

"Èéfín ni, Dókítà. Epo là ń ṣe. Ẹni tó bá ń dáná sábẹ́ àgbá ẹyìn, èéfín ni yóò jẹ, èéfín náà ni yóò mu."

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ògógóró ńkọ́?"

"Háà! Èmi? Alàgbà ìjọ Aládùúrà?" Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "Dókítà, omi àdúrà ni tèmi o!"

"Ẹ má bínú, sà. Gbogbo ẹni tó bá ń lo oògùn yìí ni mò ń bi. Ẹ̀dọ̀ yín ni mò ń rò." Ó wá yíjú sí Jùwọ́nlọ́lá. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé bó ṣe rí nílé nìyẹn?"

Bàbá húkọ́. Bàtà rẹ̀ rọra tẹ ẹsẹ̀ Jùwọ́nlọ́lá mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ nílé àti ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pé kí ó bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Ní ìdílé wọn, ọmọ tó bá já bàbá rẹ̀ nírọ́ níwájú àlejò, bí ẹni tó bọ́ aṣọ lára bàbá rẹ̀ láàárín ọjà ni. Jùwọ́nlọ́lá wo ojú dókítà, ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì wolẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló sọ.

Dókítà Aníwúrà mi orí. "Ó dára. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín ṣì ga, kò tíì wálẹ̀ tó bí mo ṣe fẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí oògùn mìíràn tó lè bá a jà, màá fi díẹ̀ kún un." Ó sì kọ ọ́.

Oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣe oògùn burúkú. Nígbà tí dókítà kọ́kọ́ kọ ọ́ fún Alàgbà Philemon, ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, Jùwọ́nlọ́lá sì wà níbẹ̀. Ó ní ọ̀rá tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, bí epo tó dì ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara agolo, títí ọ̀nà yóò fi dí, tí ọkàn yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró tàbí kí àrùn rọpárọsẹ̀ gbé èèyàn dè. Oògùn yìí ni yóò máa lé ọ̀rá náà. "Ṣùgbọ́n ó ní àwọn oògùn tí kò lè bá gbé ilé kan náà," ni dókítà wí. "Àwọn oògùn kan tí à ń lò fún ikọ́ àti egbò wà nínú wọn. Bí ẹ bá gbé wọn mì pọ̀, oògùn ọ̀rá yóò pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan ara yín. Nítorí náà, ẹ má ra oògùn kankan fúnra yín. Bí iṣan bá ń ro yín láìnídìí, tàbí tí ìtọ̀ yín bá ṣú, ẹ má sùn lé e. Ẹ sáré wá."

Alàgbà Philemon sì ṣèlérí. Ó tilẹ̀ gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ búra.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ padà sí ọ̀nà Ìrèlè, Jùwọ́nlọ́lá kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ purọ́?"

"Ta lo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ṣùgbọ́n oògùn ikọ́ tí ẹ rà lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Láyí ńkọ́?"

"Ṣé kí n wá jókòó, kí obìnrin tí mo lè bí máa bá mi wí bí ọmọ tó jí ẹran lọ́bẹ̀? Mo ti ṣèlérí fún un pé n kò ní í ra oògùn. Kí ni kí n wá sọ? Ikọ́ ni, Jùwọ́n. Ikọ́ lásán! Wọkọ̀."

Ó wọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú wọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó jókòó tì í títí wọ́n fi dé Àkótógbó. Bí ó ti ń bínú sí bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń bínú sí ẹnu ara rẹ̀ tó sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Nígbà tó sọ fún Catherine, ìyá rẹ̀, obìnrin náà kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára ẹyìn tó ń ṣà. "Bàbá ẹ ni. Bí àgbà bá ní kò sí, kò sí náà ni. Ṣé ìwọ lo máa kọ́ Láyí níṣẹ́ ni?"

Láyí ni àbúrò bàbá rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì tó wà lẹ́bàá ọjà, gbogbo ìlú sì ń pè é ní Dókítà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kọ́ iṣẹ́ dókítà rí. Ọlọ́yàyà ni, kò sì ní ìkà nínú. Bí o bá ní orí ń fọ́ ọ, yóò fún ọ ní oògùn kí o tó parí ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìyọnu wà.

Jùwọ́nlọ́lá lọ bá a ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Láyí, ẹ kú iṣẹ́, sà. Oògùn ikọ́ tí ẹ fún bàbá mi, ṣé ó bá oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mu?"

"Ọ̀rá wo?"

"Oògùn tí wọ́n ń lò. Ṣé ẹ bi wọ́n kí ẹ tó tà á fún wọn?"

Láyí bú sẹ́rìn-ín, ó sì kọjú sí àwọn tó wá rajà. "Ẹ gbọ́ ọmọ yìí o! Ó lọ sí Òkìtìpupa lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di dókítà." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń ta oògùn. Ikọ́ ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi, mo fún un ní oògùn ikọ́, ikọ́ sì ti ń lọ. Àbí kò máa lọ?"

Òótọ́ ni, ikọ́ náà ń lọ. Ohun tó jẹ́ kí Jùwọ́nlọ́lá dákẹ́ nìyẹn. Ó rò pé bóyá òun ló ń ṣàṣejù. Ó yẹ kó wá nọ́ńbà fóònù tí dókítà ní kí wọ́n máa pè, kò wá a. Ó padà sílé, ó gbé ìwé rẹ̀, nítorí ìdánwò ń bọ̀.

Ìkórè ìjọ wọn kù díẹ̀, Alàgbà Philemon sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ epo fún ilé Ọlọ́run. Ojoojúmọ́ ló ń lọ síbi ẹ̀rọ ìfúnpo, tí òun àti àwọn ọkùnrin ń ti irin gbọọrọ tó ń yí ẹ̀rọ náà ká. Kò pẹ́ tí itan rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Láti itan ó dé èjìká. Nígbà tó yá, kò lè na ọwọ́ sókè dé fìlà rẹ̀.

"Ogbó dé, Bàbá Jùwọ́n!" ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pariwo. "Ẹ fi irin náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ!"

"Ta ló gbó? Ẹ gbé àdí wá kí n fi pa á."

Ní Àkótógbó, ta ni iṣan kì í ro ní àsìkò ẹyìn? Bí ọkùnrin bá jí ní àsìkò yìí tí ara kò ro ó, àwọn aládùúgbò lè sọ pé ọ̀lẹ ni. Nítorí náà, ìrora tí dókítà sọ pé kí wọ́n sá fún, ìrora iṣẹ́ ni gbogbo ilé kà á sí. Catherine ń fi àdí ra ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣàwàdà pé ọkùnrin òun ti di arúgbó lójú òun. Alàgbà sì ń gbé oògùn méjèèjì mì lọ.

Ní ọ̀sán Sátidé, kò lè dìde mọ́ lórí ẹní. Àwọn ará ìjọ gbọ́, wọ́n wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n wá gbàdúrà. Ìyá Lucy, ìyá àgbà tó ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà, ló ṣíwájú wọn. Láyí náà wá, ó ti mú abẹ́rẹ́ ara ríro dání. Yàrá kún fún orin àti àtẹ́wọ́.

"Jùwọ́n," ìyá rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìn aṣọ títa, "wá gbé pó tí bàbá ẹ tọ̀ sí lọ dànù."

Ó gbé e. Nígbà tó dé ìta, tí oòrùn tàn sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró gbagidi. Ìtọ̀ náà ti pọ́n ṣú, bí omi tí wọ́n se ẹyìn nínú rẹ̀. Ohùn dókítà padà sí etí rẹ̀ bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn rẹ̀: *tí ìtọ̀ yín bá ṣú, ẹ má sùn lé e.*

Kò dà á nù. Ó gbé pó náà padà wọlé, ó gba àárín àwọn aláṣọ funfun kọjá, ó sì gbé e kalẹ̀ gbàgà sí àárín yàrá. Orin dúró.

"Ọmọ yìí, orí ẹ pé?" Catherine kígbe.

"Ẹ wò ó! Gbogbo yín, ẹ wò ó!" Jùwọ́nlọ́lá ló ké bẹ́ẹ̀. "Ṣé iṣẹ́ epo ló ń jẹ́ kí ìtọ̀ rí báyìí? Bàbá mi purọ́ fún dókítà! Dókítà bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn mìíràn, wọ́n ní kò sí. Ó bi mí, èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Oògùn ikọ́ wà nínú wọn nígbà tí à ń purọ́ yẹn! Dókítà fi kún oògùn ọ̀rá nítorí irọ́ wa. Òun ló ń jẹ iṣan wọn!"

"Pa ẹnu mọ́!" Láyí na ìka sí i. "O fẹ́ dójú ti bàbá ẹ níwájú ìjọ?"

"Bọ̀ọ̀dá Láyí, ẹ gbé abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀! Ẹ ò ní í gún un!"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ Alàgbà rí. Àwọn kan wo Ìyá Lucy, wọ́n retí pé yóò bá ọmọ náà wí. Ìyá àgbà náà tẹ̀ba, ó wo inú pó, ó sì rọra dìde. Omijé wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le.

"Alàgbà," ó wí, "òótọ́ ni ọmọ yìí sọ?"

Alàgbà Philemon yí ojú sí ògiri. "Òótọ́ ni," ó dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ.

"Ẹ̀yin ará, a ti ń ké pe Ọlọ́run láti ìgbà tí a ti dé kó dá wa lóhùn. Ohùn náà ti jáde, ẹnu ọmọdé ló gbà. Bí a bá tún jókòó síbí, àwa la ń dán Ọlọ́run wò. Ta ló ní ọkọ̀? Ẹ gbé e! A ó máa gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà."

Nígbà tí wọ́n dé Òkìtìpupa, Dókítà Aníwúrà gbọ́ ìròyìn náà tán, ó fi ọwọ́ lu tábìlì. "Mo béèrè!" ó wí. "Bàbá, mo béèrè lọ́wọ́ yín!" Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà jẹ̀bi. Ẹnu nìkan ni mo fi béèrè. Ó yẹ kí n ní kí ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń gbé mì wá, kí n fi ojú mi rí i."

Ó dá oògùn méjèèjì dúró lójú ẹsẹ̀, ó so omi mọ́ ọn lápá. Iṣan tó ń bàjẹ́ náà ti dí kíndìnrín rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Àkúrẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ìkórè kọjá láìsí epo Alàgbà níbẹ̀. Wọ́n ta oko ẹyìn wọn tó wà lẹ́bàá odò láti fi sanwó ìtọ́jú. Ìdánwò parí, Jùwọ́nlọ́lá kò rí i ṣe, nítorí òun ló ń jókòó ti bàbá rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè wá ohun tí wọn yóò jẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ sí kíláàsì tó kẹ́yìn, òun tún jókòó sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Láyí wá sí Àkúrẹ́. Ó dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún. "Mi ò mọ̀," ó ń wí. "Jùwọ́n, Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀ pé oògùn kan lè bá èkejì jà."

"Ẹ ò mọ̀ torí pé ẹ ò béèrè!" Jùwọ́nlọ́lá kò gbé ohùn sókè mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gbóná ju ariwo lọ. "Dókítà béèrè, a purọ́ fún un. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ béèrè, sà. Mo wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

Láti ìgbà náà, Láyí gbé àwọn oògùn líle kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì wá ra òmíràn, ó kọ́kọ́ ń bi í pé, "Kí lẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀?" Àánú rẹ̀ ṣe Jùwọ́nlọ́lá. Ṣùgbọ́n àánú kò pa ìbínú náà tán.

Ọlọ́run ṣàánú, kíndìnrín Alàgbà jí padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n agbára tó fi ń ti irin ìfúnpo kò padà mọ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí, abẹ́ ìbòòji ló sì ń jókòó sí tó ń wo àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún pè é padà sí Òkìtìpupa, ó gbé àpò náílọ́ọ̀nù kan dání. Bó ṣe jókòó tán, ó da gbogbo ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì dókítà: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kọ fún un ní Àkúrẹ́, oògùn ara ríro, ìgò àgbo, títí kan ike omi àdúrà.

Dókítà Aníwúrà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ oògùn ara ríro sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọ̀tá kíndìnrín nìyẹn. Ó ní kí wọ́n dá àgbo dúró, nítorí òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ti ike omi àdúrà padà sọ́wọ́ Alàgbà. "Èyí kò bá oògùn mi jà," ó wí, Bàbá sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Dókítà, oògùn ọ̀rá yẹn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ rí i mọ́ láyé."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ọ̀rá náà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, àrùn rọpárọsẹ̀ kò sì lọ síbì kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lo irú oògùn yìí tí ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Ẹ jẹ́ ká dúró títí ara yín yóò fi padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn náà, a lè fi díẹ̀ lára irú mìíràn gbìyànjú, a ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ṣùgbọ́n kí n tó kọ ohunkóhun..." Ó gbé bíírò sílẹ̀. "Bàbá, ǹjẹ́ òmíràn wà?"

"Kò..." Alàgbà ṣíwọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀. "Jùwọ́n, dá dókítà lóhùn."

Jùwọ́nlọ́lá dìde. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ki ọwọ́ bọ àpò dàńṣíkí Alàgbà, ó sì fa páálí kékeré kan jáde, oògùn amáratuni tí ẹnì kan ń tà nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé e lé tábìlì.

"Ó ku èyí, mà."

Bàbá rẹ̀ tẹ orí ba, ẹ̀rín àti ìtìjú dà pọ̀ lójú rẹ̀. Lábẹ́ tábìlì, bàtà rẹ̀ kò tẹ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọmọ tó bọ̀wọ̀ fún òbí kì í bá wọn purọ́ fún ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí wọn là. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ẹ kúnlẹ̀ sọ ọ́ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Gbogbo oògùn tó bá wọ ẹnu aláìsàn, ó yẹ kó dé etí dókítà. Ẹni tó bá fi ìtìjú bo irọ́ mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣègùn, ara rẹ̀ ni yóò tú u fó.